Ààwẹ̀ Àti Sàká L'Óṣogbo: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbà Á, Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Ẹ̀, Àti Ibi Tí A Ti Ń Ṣì Í Ṣe

Kí oṣù Ṣàábánì, èyí tó ṣáájú Rámádáánì, tó parí lọ́dọọdún ni fóònù mi ti máa ń kún. Ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, mo ń tajà l'Ọ́jà Ìgbóna, mi ò ní wúrà, mi ò ní màlúù, ṣé sàká kàn mí?" Ẹlòmíì á ní, "Mo jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án láti èṣí, ṣé mo lè fi sàárà dí i?" Mo ti dáhùn títí ẹnu ń ro mí, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Mi ò kì í ṣe ààfáà o. Ọlọ́jà ni mí, ilé kéú ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ohun tí mo sì kọ síbí ni ohun tí àwọn ààfáà wa tó ń tọ ọ̀nà Imam Malik (ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn wa, òun ni mo ń pè ní Málíkì) máa ń sọ, ibi tí ẹnu wọn àti ti àwọn yòókù ò bá ti kò, màá sọ ọ́. Ohun tí mo rí ni pé ebi pípa ò ṣòro fún àwa ọmọ Òròkí, ìṣirò ló ń ṣòro fún wa, ẹni tí ò jẹ ààwẹ̀ kan rí láyé ẹ̀ lè ti tajà fún ogún ọdún kó má tíì yọ sàká lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí apá ti sàká fi gùn jù níbí.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀

- Sàárà: ohun tó bá wù yín, ìgbà tó bá wù yín, ẹni tó bá wù yín. Mósà, ẹ̀wà, owó, ẹ̀rín músẹ́ pàápàá.
- Sàká: dandan ni, ó ní iye, ó ní ọjọ́, ó ní àwọn tí wọ́n ń fún.
- Sàká fítírì: oúnjẹ ni, orí kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ìparí ààwẹ̀ la ń yọ ọ́.
- Fídíyà: oúnjẹ tí ẹni tí ò lè gbààwẹ̀ mọ́ rárá fi ń bọ́ tálákà, ọjọ́ kan tálákà kan.

Ẹni tó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ kéú lọ́jọ́ Jímọ̀ ti ṣe sàárà, kò tíì yọ sàká. Ọ̀pọ̀ wàhálà tó wà nísàlẹ̀ yìí, àdàpọ̀ orúkọ ló fà á.

## Ààwẹ̀: ọjọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

1. Ẹ dúró de òṣùpá. Tí òṣùpá ò bá hàn ní alẹ́ ọjọ́ 29 Ṣàábánì, ẹ jẹ́ kó pé 30. Nílùú wa, ìkéde Sùlútáànù Sókótó ni ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí ń tẹ̀lé. Ẹ tẹ̀lé mọ́sáláṣí tí ẹ ń kírun ní, ẹ má bá ọ̀rẹ́ jà lórí WhatsApp torí ọjọ́ kan.

2. Ẹ dá àníyàn. Ọkàn ni àníyàn wà, kì í ṣe orí ahọ́n. Ní ọ̀nà Málíkì, àníyàn kan ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó fún gbogbo oṣù, àfi tí nǹkan bá já a láàárín, bíi nǹkan oṣù obìnrin, àìsàn tàbí ìrìn-àjò, ìgbà yẹn ẹ tún un dá. Àwọn ààfáà míì ní kí ẹ máa dá a lálaalẹ́. Èmi ń dá a lálaalẹ́, ṣebí kò gba kọ́bọ̀.

3. Ẹ jẹ sààrì, oúnjẹ tí à ń jẹ kí Àsùbá tó là. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "mo ti jẹ àmàlà ní aago mọ́kànlá, ó ti tó mi", ẹ gbọ́: Ànábì sọ pé ìbùkún wà nínú sààrì, ẹ̀kúnwọ́ omi kan náà ń jẹ́ sààrì. Nígbà tí ààwẹ̀ bá bọ́ sí Fẹ́búrárì tàbí Máàṣì, Àsùbá l'Óṣogbo máa ń wà láàárín 5:30 sí 5:50, torí náà aago márùn-ún ló dáa kí ẹ ti jókòó ti abọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀kọ, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀, oúnjẹ tí ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹja tó níyọ̀ púpọ̀ á jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Àkọ́kọ́, àwọn tó ń jẹun lọ títí tí ládáánì á fi parí, wọ́n ní "ó ṣì ń pè é." Bí ojúmọ́ Àsùbá bá ti là, ó parí, òkèlè tó wà lẹ́nu ẹ tu ú. Èkejì, mọ́sáláṣí mẹ́ta ló wà ládùúgbò, kálukú ń pe ládáánì ní àsìkò tiẹ̀, ẹni tí ń jẹun á wá máa tẹ̀lé èyí tó pẹ́ jù. Ẹ mú àsìkò kan, ẹ dúró tì í.

4. Ọ̀sán. Ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́: jíjẹ, mímu, sìgá, ìbálòpọ̀ tọkọtaya, kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ bì, nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ ìbímọ.

Ohun tí kì í bà á jẹ́, tí ẹ sì máa ń bi mí léraléra:
- Ìwẹ̀, kódà tí oòrùn bá mú kí ẹ wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
- Itọ́ tí ẹ gbé mì.
- Àlá tó mú àtọ̀ jáde lójú oorun.
- Èébì tó dédé wá fúnra ẹ̀, tí ẹ ò gbé nǹkan kan padà mì níbẹ̀.
- Pákò. Ti ọṣẹ ìfọyín, ẹ ṣọ́ra, tó bá lọ sọ́nà ọ̀fun ẹ ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí Àsùbá tó là, ó tán.
- Jíjí pẹ̀lú jànábà, ìyẹn àìmọ́ tí ìbálòpọ̀ tàbí àtọ̀ ń fà tí ìwẹ̀ ń mú kúrò. Ààwẹ̀ yín dúró, ẹ kàn yára wẹ̀ kí ìrun má bọ́. Bákan náà ni obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ dá kí Àsùbá tó là, á gbààwẹ̀ ọjọ́ yẹn bí kò tiẹ̀ tíì wẹ̀.

Ẹni tó gbàgbé tó jẹun ńkọ́? Kó dáwọ́ dúró níbi tó rántí, kó máa bá ààwẹ̀ ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ààfáà ní ó ti parí nìyẹn, Ọlọ́hun ló fún un jẹ. Àwọn ti Málíkì ní kó san ọjọ́ kan padà lẹ́yìn ọdún tó bá jẹ́ ààwẹ̀ Rámádáánì ni. Ẹ má wá sọ pé torí ẹ ti jẹ búrẹ́dì kan, kí ẹ kúkú jẹ ìrẹsì lé e.

5. Ẹ yára ṣínu. Bí oòrùn bá ti wọ̀, bíi 6:50 tí ààwẹ̀ bá bọ́ sí Fẹ́búrárì tàbí Máàṣì, ẹ ṣínu. Dàbínù, tí kò bá sí, omi. Ẹ kírun Mọ̀gàríbì kí ẹ tó kojú sí oúnjẹ gidi. Mo mọ bọ̀dá kan tó máa ń fi kóòkì dídì tó ti yìnyín bọ̀ ṣínu lórí ikùn òfìfo, á wá máa di inú mú nídìí àṣáámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, á ní ulcer ló ń yọ òun lẹ́nu.

## Ta ló lè má gbà á?

Aláìsàn, arìnrìn-àjò, aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń bẹ̀rù ìpalára, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù (èèwọ̀ ni fún un láti gbà á), arúgbó tí agbára ti tán lára ẹ̀, ọmọ tí kò tíì bàlágà.

Ti ìrìn-àjò gba àlàyé díẹ̀. Ìrìn tó tó bíi kìlómítà 80 sókè ni. Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó wọ̀ ọ́. Ẹdẹ, Ìkìrun, Ilé-Ifẹ̀ ò wọ̀ ọ́, ẹ má tan ara yín. Ní ọ̀nà Málíkì, kí ẹ tó lè jẹ ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn, ó yẹ kí Àsùbá ti bá yín lójú ọ̀nà. Ẹni tó ti jí l'Óṣogbo pẹ̀lú ààwẹ̀, tó wá wọ ọkọ̀ l'Old Garage ní aago mẹ́wàá, kó gbà á parí.

Bíríkìlà, ọlọ́kadà, ìyá tí ń yan ẹja nínú èéfín: iṣẹ́ líle nìkan ò tó láti jí láìdá àníyàn. Ẹ jẹ sààrì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ pẹ̀lú ààwẹ̀, tí ojú bá wá ń ṣú yín tí ẹ̀rù ìpalára sì wà, ẹ mu omi, ẹ ó san án padà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó ń lo oògùn ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, kó rí dókítà kó tó rí òṣùpá. Kì í ṣe ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ tó bá ti dákú tán ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ.

## Gbèsè ààwẹ̀: bí ẹ ṣe máa san án

1. Ẹ kọ iye ọjọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ jẹ ẹ́ gan-an. Ìyàwó mi máa ń fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri kíṣìnnì, òun ló yé mi pé orí èèyàn kì í ṣe ìwé.
2. Ẹ san án lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, kí Rámádáánì míì tó dé. Kò di dandan kó tẹ̀ léra. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ rọrùn torí àwọn èèyàn máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ó rí ẹni bá yín ṣínu.
3. Tí ẹ bá fi àìbìkítà jẹ́ kí Rámádáánì míì bá gbèsè náà nílẹ̀, ẹ ó san ọjọ́ náà, ẹ ó sì tún fún tálákà kan ní mùdù oúnjẹ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mùdù kan ni ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀ bù lẹ́ẹ̀kan.
4. Obìnrin tó ṣe nǹkan oṣù á san ààwẹ̀, kò ní san ìrun.
5. Aláboyún tó jẹ ẹ́ á san án. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn tó jẹ ẹ́ torí ọmọ, lọ́dọ̀ àwọn Málíkì á san án, á sì tún bọ́ tálákà.
6. Arúgbó àti ẹni tí àìsàn ẹ̀ ò ní ìwòsàn mọ́: fídíyà nìkan.

Ẹ rí i pé sàárà ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó lágbára láti san ọjọ́ mẹ́sàn-án ẹ̀, oúnjẹ ò lè gbà á sílẹ̀.

Tọkọtaya tó mọ̀ọ́mọ̀ bára wọn lò pọ̀ lọ́sàn-án Rámádáánì, ẹjọ́ tiwọn wúwo: wọ́n á san ọjọ́ náà, kàfárà, ìyẹn ìtánràn, á sì tún wà, ààwẹ̀ oṣù méjì gbáko láìjá tàbí bíbọ́ 60 tálákà. Lọ́dọ̀ Málíkì ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹun lásán náà wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ ààfáà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

## Sàká ọjà àti owó: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣírò sàká mi, èrè nìkan ni mo kà. Mo ka èrè oṣù méjìlá, mo fi 40 pín in, mo gbé e lọ bá ààfáà tó kọ́ mi ní kéú, inú mi ń dùn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ọ̀pá ẹ̀ sí páálí mílíìkì tó ga dé àjà, ó ní, "Èyí ńkọ́, ta ló ni ín?" Mo ní èmi ni. Ó na ọ̀pá sí àpò ìrẹsì. Mo ní èmi ni. Ó ní, "O ò sì kà á." Mo tún ìṣirò yẹn ṣe lẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì, ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́.

Torí náà ẹ tẹ̀lé e báyìí:

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà òṣùpá. Ọjọ́ tí ohun ìní yín kọ́kọ́ tó ìwọ̀n, ìyẹn iye tó kéré jù tí sàká fi ń kanni, ni ó yẹ kó jẹ́. Tí ẹ ò bá rántí, ẹ mú ọjọ́ kan, bíi ọjọ́ kìíní Rámádáánì, kó máa jẹ́ ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún. Ọdún òṣùpá jẹ́ bíi ọjọ́ 354, ó fi bíi ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi ti òyìnbó kà á torí ìwé ọ́fíìsì, kó yọ 2.577% dípò 2.5%.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ìwọ̀n, ìyẹn nísáàbù, ti ọjọ́ yẹn. Wúrà gíráàmù 85, tàbí fàdákà gíráàmù 595. Ẹ béèrè iye tí gíráàmù kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká kàn fi àpẹẹrẹ sọ ọ́: tí gíráàmù wúrà bá jẹ́ ₦150,000, nísáàbù jẹ́ ₦12,750,000. Tí ti fàdákà bá jẹ́ ₦2,000, nísáàbù jẹ́ ₦1,190,000. Ẹ má lo iye tí mo kọ yìí o, ẹ wá ti ọjọ́ yín.

Ẹ rí i pé àlàfo àárín méjèèjì tóbi. Ààfáà kan á ní wúrà, òmíì á ní fàdákà kí tálákà lè rí jẹ. Èmi ń lo wúrà torí ti fàdákà kéré jù lójú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wúrà, ààfáà mi sì ń lo fàdákà, a ò tíì torí ẹ̀ jà. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má máa yí i lọ́dọọdún kí ẹ lè bọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ọjà. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún ìdajì ọjọ́, ẹ pe ọmọ kan tó mọ ìwé, ẹ kà á ní ṣẹ́ẹ̀fù ṣẹ́ẹ̀fù. Iye tí ọjà náà ń lọ lónìí lẹ máa kọ, kì í ṣe iye tí ẹ rà á lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ń tà ní páálí, iye páálí ni kó lò. Ọjà tó ti bàjẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má ka ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀fù, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, òṣùwọ̀n, kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń kó ọjà. Ohun èlò ni wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi owó kún un. Ti ọwọ́, ti bánkì, ti inú POS, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àjọ tí ẹ ti dá tí ẹ ò tíì kó, owó yín ni, ẹ kà á. Àjọ tí ẹ ti kó ṣáájú tí ẹ ṣì ń dá, gbèsè nìyẹn, ìgbésẹ̀ 6 ló wà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi àwìn tó dájú kún un. Kọsítọ́mà tó ń san, ẹ ka tiẹ̀. Èyí tó ti gbé fóònù ẹ̀ pa láti ọdún méjì, ẹ fi sílẹ̀, ọjọ́ tó bá san án lẹ yọ sàká ọdún kan lórí ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yọ gbèsè tí àsìkò ẹ̀ ti tó. Owó alágbàtà, owó ọjà tí ẹ gbà láwìn. Gbèsè ilé tí ẹ máa san fún ọdún mẹ́wàá, ti oṣù tó wà nílẹ̀ nìkan lẹ yọ, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ sá fún sàká.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ohun tó kù bá tó nísáàbù, ẹ fi 40 pín in. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta próvísọ̀n l'Orísunmbáre ṣe àpẹẹrẹ:

- Ọjà tó wà nílẹ̀: ₦9,400,000
- Owó ọwọ́ àti ti bánkì: ₦2,150,000
- Àwìn tó dájú: ₦1,300,000
- Àjọ tí kò tíì kó: ₦600,000
- Àpapọ̀: ₦13,450,000
- Gbèsè alágbàtà tó gbọ́dọ̀ san: ₦450,000
- Ohun tó kù: ₦13,000,000
- Pín in sí 40: ₦325,000

Tí ìyá yìí bá fi èrè nìkan ṣe é bíi tèmi, tí èrè ẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000, tó sì ń lo nísáàbù wúrà inú àpẹẹrẹ òkè yẹn, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé sàká kan òun.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e: "Mi ò ní ₦325,000 lówó lọ́wọ́, ọjà ló gbé e mì." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè Ọlọ́hun, ẹ máa yọ ọ́ bí ọjà ṣe ń tà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹlòmíì máa ń tọ́jú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ákáńtì ọ̀tọ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú, ọgbọ́n gidi nìyẹn.

### Òṣìṣẹ́ oṣù, onílé, onílẹ̀, ọlọ́kẹ̀kẹ́

Owó oṣù tó wọlé tó sì jáde, kò sí sàká lórí ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù tó tó nísáàbù, tó sì yí ọdún po, ló ní. Ilé tí ẹ ń gbé ò ní. Ilé tí ẹ fi ń gba rẹ́ǹtì, ilé ò ní, owó rẹ́ǹtì tí ẹ kó jọ ló ní. Kẹ̀kẹ́ Márúwá náà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tí ẹ rà láti tà, ibẹ̀ ló ti ń gbóná. Ọ̀pọ̀ ààfáà ní kí ẹ máa díye lé e lọ́dọọdún bí ọjà. Àwọn Málíkì ya ọlọ́jà tí ń tà lójoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kó nǹkan pamọ́ de ọ̀wọ́n, wọ́n ní ẹni kejì yìí á yọ ti ọdún kan lọ́jọ́ tó bá tà á. Ẹni tó ra ilẹ̀ láti kọ́lé ọmọ sí, kò kàn án.

### Àgbẹ̀ àti ẹlẹ́ran, ní kúkúrú

Àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà: tó bá tó bíi kílò 653, ìyẹn bí àpò oníkílò 100 mẹ́fà àti ààbọ̀, ọjọ́ ìkórè lẹ yọ ọ́, kì í dúró de ọdún. Òjò ló bomi rin ín, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin fi pọ́ǹpù rin ín, ìdá kan nínú ogún. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́, kòkó: ẹnu àwọn ààfáà ò kò lórí wọn, ṣùgbọ́n owó tí ẹ bá tà wọ́n tí ẹ sì kó jọ, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn: 40 dé 120, ẹyọ kan, 121 dé 200, méjì, 201 sókè, mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹyọ kan lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Màlúù 30, ọmọ màlúù ọlọ́dún kan; 40, ọlọ́dún méjì. Adìẹ pọ́tìrì ọjà ni, ẹ kà á mọ́ ọjà.

## Ta lẹ máa fún?

Súrà Tọ́bà, ẹsẹ 60, ka èèyàn mẹ́jọ: tálákà, aláìní, òṣìṣẹ́ sàká, ẹni tí a fẹ́ fa ọkàn ẹ̀ mọ́ra, ẹrú tí a fẹ́ tú sílẹ̀, onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́.

Bí mo ṣe máa ń wá wọn l'Óṣogbo: mi ò lọ jìnnà. Ọlọ́mọlanke tó ń ti ẹrù l'Ọ́jà Ìgbóna tó sì ń gbé àwọn ọmọ mẹ́rin, opó tó ń tẹ̀yìn gba ìrẹsì láwìn, ọmọ yunifásítì tí ìwé fẹ́ já mọ́ lọ́wọ́, aláìsàn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní ọsibítù ṣùgbọ́n tí owó ò jẹ́ kó lọlé. Ẹ bi onídìírì àti onípọ́ǹpù omi àdúgbò, àwọn ló mọ ilé tí iná ò dá mọ́. Ẹ ò nílò kí ẹ sọ fún wọn pé sàká ni. Tó bá ṣeé ṣe ẹ fún ẹnì kan ní èyí tó lè fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ó sàn ju kí ẹ pín ₦2,000 fún àádọ́jọ èèyàn tó máa tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí ò ráàyè wá èèyàn lè gbé e fún ẹgbẹ́ tó ń ṣe é, bíi Zakat and Sadaqat Foundation, tàbí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí yín tí wọ́n bá ní àkọsílẹ̀ tó mọ́.

Ìbátan tálákà ńkọ́? Àbúrò, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá, ọmọ àbúrò, ẹ fún wọn, wọ́n tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju àjèjì lọ.

Ẹ má fún:
- Bàbá, ìyá, bàbá àgbà, ọmọ, ọmọ ọmọ, ìyàwó. Bíbọ́ wọn ti wà lọ́rùn yín tẹ́lẹ̀.
- Ọmọ ọ̀dọ̀ bí owó oṣù.
- Mọ́sáláṣí tí ẹ ń kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ààfáà. Sàárà lẹ fi kọ́lé Ọlọ́hun.
- Ẹni tó jẹ yín lówó, nípa wíwí pé "mo ti fi gbèsè ẹ ṣe sàká." Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wá gbà mí láyè kí n sọ ti àwòrán. Kéèyàn tò àwọn ìyá arúgbó sórí ìlà nínú oòrùn, nínú ààwẹ̀, káàmẹ́rà níwájú, páálí ìrẹsì tó ní ojú ẹni lára, mi ò mọ ohun tí a ń pe ìyẹn, àmọ́ ìyá mi ò ní tò síbẹ̀ láéláé.

## Sàká fítírì

1. Ẹ ka orí. Gbogbo ẹni tí bíbọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn yín, dórí ìkókó tí wọ́n bí ní àná. Ẹni tí ò gbààwẹ̀ náà ní tiẹ̀.
2. Ẹ wọn oúnjẹ. Orí kan, mùdù mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì lọ́nà mẹ́rin, bíi kílò méjì àti ààbọ̀ sí mẹ́ta. Oúnjẹ tí à ń jẹ níbí: ìrẹsì, gàrí, àgbàdo, ẹ̀wà. Kóńgò ìrẹsì kan máa ń sún mọ́ kílò kan àti ààbọ̀, ó sì wà lọ́wọ́ bí ìyá ọlọ́jà ṣe gbá orí ẹ̀ sí, torí náà kóńgò méjì fún orí kan ni mo máa ń fi dá ara mi lójú. Ilé èèyàn mẹ́fà, kóńgò méjìlá. Gàrí fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má gbára lé kóńgò.
3. Ẹ rà á ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta ìparí, owó kóńgò máa ń sáré. Ẹ rà á ní ìdajì oṣù, ẹ dè é lẹ́nu, ẹ kọ "fítírì" sí i lára kí ọmọ má bàa sè é.
4. Ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tó kírun Yídì. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú náà wà. Èyí tó bá kọjá ìrun ti di sàárà lásán, gbèsè ṣì wà lọ́rùn.
5. Owó ńkọ́? Málíkì ní oúnjẹ. Àwọn Hánáfì, tó ń tọ ọ̀nà Imam Abu Hanifa, gba owó. Tí tálákà yín bá ní ìrẹsì tó pọ̀ tí kò sì ní owó epo, ẹ bi ààfáà yín kí ẹ tó pinnu.

Àwọn ajíwéré tó ń lu ìlù jí wa ní sààrì, inú mi ń dùn sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbé fítírì fún wọn bí owó iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ tálákà nínú wọn, ẹ fún un torí pé tálákà ni. Ìyókù, ẹ wá owó míì fún wọn. Ààfáà tó ń gbé jíìpù náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá hàn, ẹ wò ó:
- Ṣé orí tí ẹ kà pé, àti àlejò tí bíbọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn yín?
- Ṣé ẹ ti mọ ilé tí kóńgò kọ̀ọ̀kan ń lọ?
- Ṣé ọmọ tó máa gbé e lọ mọ ọ̀nà, tàbí ẹ ó fúnra yín lọ?

Ẹ gbé e jáde lálẹ́ yẹn náà. Àárọ̀ Yídì kì í gba ìrònú kankan, omi ìwẹ̀ á tán, fìlà ọmọ á sọnù, ẹnì kan á máa wá bàtà ẹsẹ̀ òsì, ọkọ̀ á ti dí ojú ọ̀nà láti Ọláìyá, ẹ ó sì bá àpò ìrẹsì nídìí ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ bá dé.